Ṣé kí a dá kímò dúró de ìdánwò ìtọ́jú tuntun? Ìdáhùn sí ẹbí kan ní Àkúrẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọyàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àkúrẹ́ ni a ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 48, rí kókó kan nínú ọyàn rẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kímò, ìyẹn oògùn líle tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, láìpẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí a dúró ná, pé òun ti rí ìdánwò ìtọ́jú tuntun kan (clinical trial), níbi tí wọ́n ti ń wò bóyá ìtọ́jú tuntun ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí ẹni tí yóò fi ìyàwó òun dán oògùn wò. Ẹnìkan tún pè wá lórí fóònù pé kí a san owó kí òun lè bá wa forúkọ sílẹ̀ fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ibo ni a ti ń wá a, báwo ni ènìyàn sì ṣe ń wọ inú rẹ̀?"

Ìdáhùn: Mo kí ẹ̀gbọ́n yín púpọ̀, mo sì gbàdúrà pé kí ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ tí ó kánjú jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: ẹ má ṣe dá ìtọ́jú tí dókítà ti là sílẹ̀ dúró nítorí ìdánwò tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ẹ fẹ́ fi gba èsì àyẹ̀wò tí ó kù, ìyẹn kò burú, àwa dókítà náà máa ń dúró fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdádúró bá ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta sókè, ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà pípẹ́ pé ó máa ń dín ìrètí àtiyè aláìsàn kù. Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ṣe dáadáa tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá nísinsìnyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí ìtọ́jú ṣáájú iṣẹ́ abẹ kì í gba obìnrin tí ó ti gba kímò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Àkókò yìí gan-an ni ó yẹ kí ẹ béèrè, kí wọ́n tó fa kímò àkọ́kọ́ sí i lára.

Ìwé èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé pé jẹjẹrẹ ni, ẹ kò sọ irú èyí tí ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí ń ṣètò ìdánwò, irú tí ó jẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn: ER, PR àti HER2. ER àti PR dà bí ihò kọ́kọ́rọ́ tí họ́mónù obìnrin fi ń wọlé láti mú kí jẹjẹrẹ náà dàgbà. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, oògùn bíi tamoxifen, tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀, lè dí ihò náà. HER2 jẹ́ pùròtéènì kan tí ó máa ń mú kí jẹjẹrẹ yára tàn bí ó bá ti pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì, òun sì ni oògùn trastuzumab ń bá jà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, triple-negative ni a ń pè é. Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn obìnrin Yúróòpù lọ, tamoxifen àti trastuzumab kò sì ràn án, ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá oògùn tuntun sí i lójú méjèèjì.

Bí èsì yìí kò bá tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá wọ́n ṣe é. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú tí a mọ̀ pàápàá kò ṣeé yàn dáadáa láìsí i. Ní ti HER2, ẹ má gba "kò sí" nìkan gẹ́gẹ́ bí èsì. Ẹ béèrè iye tí wọ́n kọ, nítorí pé 0, 1+, 2+ tàbí 3+ ni wọ́n máa ń kọ. 3+ túmọ̀ sí pé HER2 pọ̀ gan-an. 2+ túmọ̀ sí pé a ní láti ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí yóò là á yé wa. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá ní 1+, tàbí 2+ tí àyẹ̀wò kejì kò fi HER2 hàn, wọ́n á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní HER2, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ní 2022, èsì ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní DESTINY-Breast04 fi hàn pé oògùn trastuzumab deruxtecan ṣe irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ láǹfààní bí jẹjẹrẹ náà bá ti tàn káàkiri ara. Iye kékeré yẹn lórí ìwé lè ṣí ìlẹ̀kùn kan tàbí kí ó tì í.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀: ẹran ara tí wọ́n gé náà kì í ṣòfò. Wọ́n máa ń dì í sínú ìda, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò. Blọ́ọ̀kù ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é. Ilé ìwòsàn tí ń ṣe ìdánwò sábà máa ń fẹ́ tún un yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ibi tí blọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n yín wà, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe lè gbà á, kí wọ́n má bàa tún gé ẹran mìíràn lára rẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fáìlì kan: èsì ẹ̀jẹ̀, èsì ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, àwòrán àyà àti ikùn, àyẹ̀wò ọkàn bí wọ́n bá ti ṣe é. Mo sì bẹ̀ yín, bí ó bá ti ń mu àgbo tàbí oògùn ìbílẹ̀ èyíkéyìí láti ìgbà tí ó ti rí kókó náà, kí ó sọ ọ́ láìtijú. A kò ní torí rẹ̀ bá a wí. Àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń yí èsì ẹ̀dọ̀ padà, àwọn mìíràn sì ń da iṣẹ́ oògùn rú. Àṣírí tí ó pa mọ́ lónìí lè mú kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò lọ́la, tàbí kí ó ṣe é ní jàǹbá.

Ó kan ibi tí a ti ń wá a. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ènìyàn kí ẹ tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdánwò tí ènìyàn ń wọ̀ láìsí dókítà olùwádìí tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan pàtó. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn, bíi UCH ní Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti LUTH pẹ̀lú LASUTH ní Èkó ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Láti Àkúrẹ́, Ilé-Ifẹ̀ ni ó sún mọ́ yín jù nínú wọn, ẹ ó kàn gba Iléṣà kọjá. Kí dókítà yín ní Àkúrẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka jẹjẹrẹ níbẹ̀, kí ó sọ irú jẹjẹrẹ náà àti ipele tí ó wà, kí ó sì béèrè gbangba bóyá ìdánwò kan wà tí ó ń gba aláìsàn báyìí. Lẹ́tà dókítà sí dókítà máa ń rí ìdáhùn ju ìpè orí fóònù láti ọ̀dọ̀ ẹbí lọ.

Kí ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìdánwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ARETTA wáyé ní Nàìjíríà níbí, UCH sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí ó ṣe é. Àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ wọn ní HER2 gba trastuzumab gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ pẹ̀lú kímò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Oògùn tí owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni trastuzumab. Ìyẹn ti gba iye ènìyàn tirẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa. Lára àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade ti Yunifásítì Chicago, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìdí tí jẹjẹrẹ ọyàn fi ń mú àwọn obìnrin wa ní kékeré. Ìwádìí mìíràn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé jáde ní 2018, lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó lé ní 1,100 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn, fi hàn pé nínú obìnrin mẹ́jọ, ó tó ẹnìkan tí ó jogún àbùkù nínú jíìnì bíi BRCA1 tàbí BRCA2. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà fún ìyẹn, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn tuntun. Bí ìyá yín tàbí àǹtí yín kan bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé ẹyin rí, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé oògùn kan wà, àwọn ìdánwò kan sì wà, tí ó jẹ́ fún àwọn tí ó jogún àbùkù yẹn nìkan.

Lẹ́yìn èyí ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí ó lọ sí ClinicalTrials.gov, tí ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó láti ọdún 2000, kí ó kọ jẹjẹrẹ ọyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè àìsàn, kí ó sì yan Nàìjíríà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè orílẹ̀-èdè. Kí ó mú kìkì àwọn tí wọ́n kọ "Recruiting" sí lára, nítorí pé àwọn yòókù kò gba aláìsàn tuntun báyìí. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT tí dígíìtì mẹ́jọ sì tẹ̀ lé e. Kí ó tún wo Pan African Clinical Trials Registry, tí ó wà ní Gúúsù Áfíríkà. PACTR ni ó ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tiwọn. Kí ó ka apá tí wọ́n ti kọ irú ẹni tí wọ́n ń gbà àti irú ẹni tí wọn kì í gbà, kí ó sì fi wé fáìlì ẹ̀gbọ́n yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé orúkọ ìdánwò lórí ojú òpó wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rí pé ìjọba ti fọwọ́ sí i pé ó dára. Àkọsílẹ̀ lásán ni.

Ní ti èyí tí ó rí ní Amẹ́ríkà, mo gbóríyìn fún ìfẹ́ tí ó ní sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ pe àwọn tí ń ṣe é. Lọ́hùn-ún, oògùn tí wọ́n ń dán wò sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú yòókù tí gbogbo aláìsàn ń gbà, adójútòfò ìlera (insurance) tí aláìsàn ní ni ó ń san án, ẹni tí kò sì ní adójútòfò ni yóò san án fúnra rẹ̀. Ó tún ní láti máa padà wá sí ilé ìwòsàn náà fún oṣù púpọ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ tàbí oko kòkó nítorí rẹ̀ kí ẹ tó mọ gbogbo èyí.

Mo fẹ́ bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, nítorí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer ṣe ìdánwò oògùn Trovan níbẹ̀ lára ọmọ 200. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Àwọn ẹbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé iṣẹ́ náà jiyàn rẹ̀, ó di ẹjọ́, ní 2009 ni wọ́n sì bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn owó. Kò yẹ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2007 ni ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń bójú tó ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, tí a mọ̀ sí NHREC, ti gbé ìlànà jáde tí gbogbo ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ẹnikẹ́ni àyàfi bí a bá ti ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe fún un, pẹ̀lú ohun rere tàbí búburú tí ó lè ṣe sí ara rẹ̀, tí ó sì ti fọwọ́ sí ìwé. Oògùn tuntun tún gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn náà fún ìdánwò yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Kí ó sì mọ̀ pé ìtọ́jú tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbà báyìí, àwọn obìnrin tí ó gbà láti wọ ìdánwò ni ó jẹ́ kí a ní i. Nígbà kan rí, gígé ọyàn kúrò pátápátá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní 1976, Dókítà Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò B-06. Àwọn obìnrin tí wọ́n lé ní 1,800 kópa nínú rẹ̀. Nígbà tí ogún ọdún kọjá, èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí wọ́n gé kókó nìkan fún, tí wọ́n sì fún ní ìtọ́jú onítànṣán, pẹ́ láyé bákan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn wọn. Trastuzumab náà, nípasẹ̀ ìdánwò ni ó fi gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí pẹ̀lú, àwọn aláìsàn ibà Lásà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, gbà láti wọ ìwádìí LASCOPE láti 2018, èyí tí ó tẹ̀ lé wọn láti mọ ohun tí ń mú kí ẹnìkan yè kí ẹlòmíràn sì kú, wọ́n sì ti dán oògùn wò níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará ilé wa ni wọ́n.

Ohun tí ó máa ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú jù ni bí wọ́n ṣe ń pín aláìsàn. Nínú ìdánwò ńlá, tí a ń pè ní ipele kẹta, kọ̀ǹpútà ni yóò yan ẹni tí yóò gba ìtọ́jú tuntun àti ẹni tí yóò gba ìtọ́jú tí ó dára jù tí a ti mọ̀. Dókítà kò lè yàn, aláìsàn kò lè yàn. Ẹ má bẹ̀rù pé wọn yóò fún un ní oògùn òfìfo, èyí tí kò ní ohun ìwòsàn kankan nínú, kí jẹjẹrẹ sì máa jẹ ẹ́ lọ. Bí ìtọ́jú tí ó ń ṣiṣẹ́ bá wà, ó gbọ́dọ̀ gbà á. Bí wọn yóò bá lo oògùn òfìfo rárá, orí ìtọ́jú yẹn ni wọ́n máa ń fi kún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un ṣáájú. Ti ipele kìíní yàtọ̀: ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà, àwọn tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn mọ́ ni ó sì sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀, tí ìtọ́jú tí a mọ̀ ṣì wà fún un, kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀, bí mo ti rò ó.

Ẹni tí ó pè yín pé kí ẹ sanwó, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, ẹ má sì fi ìwé èsì ránṣẹ́ sí i. A kì í sanwó forúkọ sílẹ̀ nínú ìdánwò, kò sì sí olùwádìí tòótọ́ tí yóò ṣèlérí ìwòsàn fún aláìsàn kí ó tó wọlé.

Bí ilé ìwòsàn kan bá wá sọ pé ó yẹ, ẹ̀gbọ́n yín ni yóò fọwọ́ sí ìwé, òun ni yóò sì pinnu. Kí ọkọ wọn jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà jókòó, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí ọkọ kò lè dípò tirẹ̀. Kí ó gba ìwé náà lọ sílé, kí ó sùn lé e lórí, kí ẹnìkan kà á fún un ní Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá nira. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ó yé e. Ìbéèrè tí n kò fẹ́ kí ó fò ni wọ̀nyí: ta ni yóò san owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀? Bí oògùn bá ṣe é ní jàǹbá, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, lọ́wọ́ ta ni owó yóò ti jáde? Bí oògùn náà bá ń ràn án, ṣé yóò ṣì máa rí i gbà nígbà tí ìdánwò bá parí? Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ó sì dùn mí nítorí pé ó lè jẹ́ òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá fẹ́ jáde lágbedeméjì, ó lè jáde nígbàkúùgbà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú rẹ̀ tó kù dù ú nítorí ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ìbáà jẹ́ pé ó wọ ìdánwò ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, Àkúrẹ́ ni yóò máa sùn ní ọ̀pọ̀ alẹ́, kímò sì máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù, pàápàá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ó bá gbà á. Ẹ ra tẹmómítà sílé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, ẹ má fún un ní oògùn ibà kí ẹ máa wo bí ilẹ̀ yóò ṣe mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED ní Àkúrẹ́ tàbí FMC Ọ̀wọ̀ ní wákàtí náà, kí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ó ń gba kímò, bí ó bá sì wà nínú ìdánwò, kí ẹ fi káàdì tí àwọn olùwádìí fún un hàn wọ́n, kí ẹ sì pe nọ́ńbà olùwádìí tí ó wà lára káàdì náà. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù ẹni mẹ́ta nínú ilé.